BÍ BAÁLÉ ILÉ BÁ LỌ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ ADÓJÚTÒFÒ Ẹ̀MÍ ÀTI OGÚN

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ẹ lè fi ìka tọ̀ ọ́ báyìí lórí ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ, ẹ jókòó kí ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò le.

Ọ̀rọ̀ ikú ni. Ẹ má pòṣé. Mo mọ̀ pé bí ènìyàn bá dárúkọ ikú nínú ilé wa, kíá ni wọn yóò ní kí ó pa ẹnu mọ́, kí ó má fi ẹnu ara rẹ̀ pè é wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun. Àwa náà fẹ́ rò ó lónìí.

ÌTÀN LÁGBÁJÁ

Ẹ jẹ́ kí á mú ọkùnrin kan, kí á pè é ní Lágbájá. Lágbájá ní oko ọ̀pẹ. Igi ọ̀pẹ 200 ni ó wà níbẹ̀. Ó ní ìyàwó méjì. Ìyáálé bí ọmọ 2. Ìyàwó kékeré bí ọmọ 5. Ọmọ 7 ni gbogbo wọn. Lágbájá yá owó ní ilé ìyánilówó, ó fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo. Kò tíì san owó náà tán tí àìsàn fi dé. Lágbájá kú.

Kí ni ó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Ìsìnkú ni. Ẹ̀yin náà mọ bí ìsìnkú ti rí lọ́dọ̀ wa. Àgọ́ ń bẹ níbẹ̀, àga ń bẹ níbẹ̀, oúnjẹ, ọtí, ìlù, aṣọ tí gbogbo ẹbí yóò wọ̀. Owó ilé ìwòsàn ṣì wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹbí jókòó, wọ́n wá owó, wọn kò rí. Ẹnì kan wá sọ pé: «Ẹ jẹ́ kí á fi apá kan oko ọ̀pẹ dógò.» Kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn lọ́jọ́ náà, nítorí òkú wà nílẹ̀, ojú ayé sì ń wò wọ́n. Igi 40 lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ilé ìyánilówó dé pẹ̀lú ìwé wọn. Wọ́n ta igi 20. Igi tí ó kù jẹ́ 140, ogún pínpín kò sì tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Lágbájá kì í ṣe tálákà. Ó ní oko, ó ní ẹ̀rọ, ó ní ilé. Ohun tí kò ní ni owó tí ó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó kú. Báyìí ni oko ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó mú wọn.

BÍ A TI Ń PÍN OGÚN

Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà méjì ni a ń gbà pín ogún. Èkíní ni ìdí-igi. Ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí igi kan. Bí ìyàwó bá jẹ́ méjì, ọ̀nà méjì ni a ó pín in sí. Èkejì ni orí-ojorí. Orí ọmọ ni a ó kà, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì gba iye kan náà.

Ẹ mú ẹfun tàbí bíírò, kí ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Igi 140. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀dọ̀ ìyáálé yóò gba 70, ọ̀dọ̀ ìyàwó kékeré yóò gba 70. Àwọn ọmọ 2 ti ìyáálé yóò gba 35, 35. Àwọn ọmọ 5 ti ìyàwó kékeré yóò gba 14, 14. Bí a bá pín in ní orí-ojorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba 20. Ẹ rí i pé ìjà ti wà nínú ìṣirò náà fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ tíì bú ẹnì kejì.

Ìjà náà kì í ṣe ti òní. Ní Èkó, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Suberu Dawodu kú, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Àwọn ọmọ gbé ara wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Adájọ́ kìíní ní ìdí-igi kò bá ẹ̀tọ́ mu. Ní ọdún 1958, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ú lọ yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹjọ́ náà kò dúró níbẹ̀. Ó kọjá òkun, ó dé London, ibẹ̀ ni wọ́n ti parí rẹ̀ ní ọdún 1962. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà ilẹ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè lo orí-ojorí bí ó bá rí i pé ìjà fẹ́ dé. Mélòó nínú ogún náà ni àwọn agbẹjọ́rò jẹ kí ó tó parí? Èmi kò ní sọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹjọ́ ti ń jẹ owó.

Àwọn opó ńkọ́? Ní ọdún 1929, nínú ẹjọ́ Sogunro-Davies, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó sọ pé gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tẹ̀ lé. Ní ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, ìwé tí àwọn Faransé kọ ní ọdún 1931 lórí àṣà ilẹ̀ Dàhòmì tilẹ̀ ka obìnrin mọ́ ohun tí a ń jogún. Bí wọ́n ti ń ka ewúrẹ́ ni wọ́n ń ka opó.

Ní Benin, òfin ti yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni òfin ẹbí tuntun jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní Code des personnes et de la famille. Òfin náà sọ pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jogún bákan náà. Ọmọ tí a bí nínú ilé àti ọmọ tí a bí síta jogún bákan náà. Ìyàwó tí òfin mọ̀ ní ìpín tirẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ìyàwó tí òfin mọ̀. Ta ni òfin mọ̀? Ẹni tí ó bá ọkọ rẹ̀ dúró níwájú mẹ́ẹ̀rì, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé ìjọba. Òfin kò sì mọ̀ ju ìyàwó kan ṣoṣo lọ fún ìgbéyàwó tí a ṣe lẹ́yìn tí ó jáde. A san owó orí, a gbé iṣu àti ọtí, Yèyé gbàdúrà, gbogbo abúlé jẹun. Ó dára, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò tó níwájú òfin. Ìyàwó kékeré Lágbájá bí ọmọ 5, ó sì bá a fún epo fún ọdún 20. Lọ́jọ́ ogún, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jogún. Òun fúnra rẹ̀, òfin kò rí i. Bí ìyáálé náà kò bá sì dé ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀rì rí, òfin kò rí òun náà.

Ìdí èyí ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ adójútòfò ẹ̀mí.

KÍ NI ADÓJÚTÒFÒ Ẹ̀MÍ?

Òfò ni ohun tí ó bọ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Adójútòfò ni ohun tí ó dójú ti òfò. Òfò dé, ó rò pé òun yóò tú ilé ká, ó bá owó nílẹ̀, ojú tì í. Àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè é ní assurance. Orúkọ Yorùbá náà dùn ju bí iṣẹ́ náà ti rí lọ, nítorí owó kò lè jí òkú. Ṣùgbọ́n ó lè gba oko sílẹ̀.

Gbogbo wa mọ àjọ. Nínú àjọ, ohun tí o bá dá ni wàá kó. Bí ẹni tí ó ń dá 1.000 sẹ́fà lọ́sẹ̀ bá kú ní ọ̀sẹ̀ kejì, 2.000 sẹ́fà ni ti àwọn ọmọ rẹ̀. Èsúsú pàápàá, bí ó bá ti kan ọ kí o tó kú, gbèsè ni o fi sílẹ̀. Adójútòfò yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á tún ṣe ìṣirò kan, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ènìyàn 1.000 ń dá 1.000 sẹ́fà lọ́dún. Ó di 1.000.000 sẹ́fà. Ní ọdún náà, ènìyàn 4 kú nínú wọn. Bí ilé-iṣẹ́ bá fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní 200.000 sẹ́fà, ó jẹ́ 800.000. Ó ku 200.000 tí wọn yóò fi san owó òṣìṣẹ́, tí wọn yóò sì fi pamọ́ de ọdún tí ikú bá pọ̀. Àwọn 996 tí kò kú kò gba nǹkan kan. Àwọn kan á ní wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ. Ó dára, ta ni ó fẹ́ wà nínú àwọn 4?

Ta ni ó kọ́kọ́ ro irú èyí? Ó ti pẹ́. Ní ilẹ̀ Scotland, àwọn òjíṣẹ́ ìjọ máa ń kú, ìjọ á sì gba ilé lọ́wọ́ opó wọn kí òjíṣẹ́ tuntun lè wọlé. Àwọn méjì kan láàrin wọn, Robert Wallace àti Alexander Webster, jókòó, wọ́n ka òkú. Wọ́n rí i pé nínú òjíṣẹ́ 930, nǹkan bí 27 ni ó ń kú lọ́dún kan, 18 nínú wọn á sì fi opó sílẹ̀. Wọn kò mọ ẹni tí yóò kú. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye tí yóò kú. Wọ́n fi ìṣirò náà dá àpò owó kan sílẹ̀ ní ọdún 1744 fún àwọn opó. Ìmọ̀ yìí ni gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò ẹ̀mí ń lò títí di òní: a kò mọ ẹni, a mọ iye.

Lọ́dọ̀ wa, ní ọdún 1974, ìjọba gba iṣẹ́ adójútòfò lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, ó sì sọ ọ́ di ti ìjọba. Ìyẹn ti kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó ń ṣe é nísinsìnyí ní Kùtọnù àti ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún 1992, ilẹ̀ Benin àti Togo àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tí ó ń sọ Faransé fọwọ́ sí òfin kan náà fún iṣẹ́ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1995. CIMA ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá rí CIMA lórí ìwé, ẹ mọ̀ pé òfin náà ni. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Igolo kọjá sí Idiroko, tí ẹ ń ṣòwò lọ́hùn-ún, ẹ rántí pé ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí lọ́hùn-ún, òfin ọ̀hún ni yóò tẹ̀ lé, náírà ni wọn yóò sì fi san án.

ORÚKỌ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌWÉ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Bí ẹ kò bá rántí òmíràn, ẹ rántí èyí.

Nínú ìwé adójútòfò ẹ̀mí, àyè kan wà tí wọn yóò ti béèrè pé: ta ni yóò gba owó náà bí o bá kú? Ní Faransé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bénéficiaire. Ẹ kọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí lójú, kí ẹ lè dá a mọ̀: b-é-n-é-f-i-c-i-a-i-r-e. Orúkọ tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni owó náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Owó náà kò wọ inú ogún rárá. Kò sí ìdí-igi nínú rẹ̀, kò sí orí-ojorí. Olórí ẹbí kò lè pín in. Àwọn tí òkú jẹ ní gbèsè kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá wo ìyàwó kékeré Lágbájá, ẹni tí òfin ogún kò rí. Bí Lágbájá bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, òfin adójútòfò rí i kedere. Ẹ kò ní láti jẹ́ ìbátan ẹni kí orúkọ yín tó wọ àyè náà. Lágbájá lè pín in pẹ̀lú: ìdajì fún ìyáálé, ìdajì fún ìyàwó kékeré. Ó lè ní kí apá kan jẹ́ fún àbúrò rẹ̀ tí yóò san owó ìsìnkú, kí ẹnikẹ́ni má bàa fọwọ́ kan ọ̀pẹ.

Bí Lágbájá kò bá kọ orúkọ kankan ńkọ́? Owó náà yóò wọ inú ogún, yóò sì di ohun tí wọn yóò jà lé lórí bí ọ̀pẹ. Àwọn ẹlẹ́gbèsè náà yóò na ọwọ́ sí i.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín. Bàbá mìíràn á kọ orúkọ ọmọ mẹ́ta tí ó ní lọ́dún tí ó fọwọ́ sí ìwé. Lẹ́yìn náà, ó tún bí méjì. Àwọn méjì yẹn kò sí nínú ìwé. Kò kórìíra wọn, ó gbàgbé ni. Òfin gbà kí ènìyàn kọ ọ́ báyìí: «Àwọn ọmọ mi, èyí tí mo ti bí àti èyí tí n kò tíì bí, kí wọ́n pín in dọ́gba.» Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ní kí aṣojú ilé-iṣẹ́ kọ ọ́, kí ẹ sì ní kí ẹlòmíràn tí ó mọ̀wé kà á padà sí yín létí. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba owó náà. Alágbàtọ́ ni yóò gbà á fún un. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: ta ni yóò jẹ́ alágbàtọ́ àwọn ọmọ mi? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò lè fi ewúrẹ́ kan lé lọ́wọ́, ẹ tètè mójú tó o.

Ẹ tún lè yí orúkọ náà padà bí ayé bá yí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i pé òun gbà, ẹ kò lè yọ ọ́ mọ́ láìjẹ́ pé òun náà gbà. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi ìwé náà han ìyàwó láti fi wá ojú rere rẹ̀. Ẹ ronú kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún kù lórí èyí. Bí ẹnì kan bá kó gbogbo owó rẹ̀ dà sínú adójútòfò kí àwọn ọmọ kan má bàa rí nǹkan jogún, tí owó náà sì ju agbára rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin fi ìpín kan pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ìwé ìhágún pàápàá kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. Adójútòfò wà láti ti ogún lẹ́yìn. A kò dá a sílẹ̀ láti fi jí ogún gbé.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni. Ìyá tí ó ń ta epo ní ọjà, tí ó ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́rin, ta ni yóò san án bí ó bá lọ? Òun náà lè fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀, lórúkọ tirẹ̀.

ORÍṢI TÍ Ó WÀ

Oríṣi kan wà tí ó jẹ́ ti ikú nìkan, fún ọdún tí a dá, bóyá ọdún 10. Bí ẹ bá kú nínú ọdún náà, wọn á san owó. Bí ẹ kò bá kú, ó parí, kò sí ìdápadà. Òun ni ó dínwó jù. Oríṣi kejì da ìfowópamọ́ pọ̀ mọ́ ọn: bí ẹ bá kú, ìdílé gbà á, bí ẹ bá wà láàyè títí ọdún fi pé, ẹ̀yin fúnra yín gbà á. Ìdáwó tirẹ̀ ga. Ẹ̀kẹta ni ti ìsìnkú nìkan, owó kékeré tí ó ń jáde kíákíá. Bí ẹ bá bi mí léèrè, baba tí ó ní ọmọ kéékèèké tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ti ìkíní. Ọ̀pọ̀ aṣojú kò ní fẹ́ sọ fún yín bẹ́ẹ̀, nítorí èrè wọn kò pọ̀ lórí rẹ̀.

Oríṣi kan sì wà tí ọ̀pọ̀ yín ti san owó rẹ̀ láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìyánilówó máa ń fi adójútòfò ikú mọ́ owó tí wọ́n ń yá ènìyàn. Bí ẹni tí ó yáwó bá kú, adójútòfò ni yóò san ohun tí ó kù. Ẹ padà sọ́dọ̀ Lágbájá. Ilé ìyánilówó mú ìwé wá, ẹbí ta igi 20. Ta ni ó béèrè bóyá adójútòfò wà nínú ìwé náà? Kò sí. Bí ẹnì kan bá kú nínú ilé yín tí ó jẹ gbèsè irú èyí, ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí kí ẹ tó ta ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ yáwó, ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ ìka.

OHUN TÍ Ó LÈ BÀ Á JẸ́

Irọ́ ni ìkíní. Wọn yóò béèrè ọjọ́ orí yín àti àìsàn tí ó ń ṣe yín. Ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ìwé náà di asán. Aṣojú lè sọ pé, «Bàbá, ẹ má dárúkọ àìsàn yẹn.» Aṣojú ti gba owó tirẹ̀. Àwọn ọmọ yín ni yóò gbọ́ «rárá».

Èkejì ni ìdáwó tí a kò san. Kò sí ẹni tí yóò fi ẹjọ́ mú yín bí ẹ kò bá san owó adójútòfò ẹ̀mí. Ilé-iṣẹ́ á kọ̀wé sí yín, wọn á fún yín ní àkókò díẹ̀, lẹ́yìn náà wọn á dá a dúró tàbí kí wọ́n dín owó tí wọn yóò san kù. Àgbẹ̀ kì í rí owó lóṣooṣù. Ẹ bá wọn ṣe é kí ẹ lè máa san án ní àkókò tí epo bá pọ̀. Fún oríṣi tí ó ní ìfowópamọ́ nínú, bí ẹ bá ti san ìdáwó ọdún méjì, òfin CIMA fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gba apá kan padà. Kí ẹ tó pé ọdún méjì, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí nǹkan kan gbà. Bí ẹ bá sì fọwọ́ sí ìwé tí ọkàn yín kò balẹ̀ sí, ọjọ́ 30 wà láti ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ san owó tí ẹ fi lè kọ̀wé pé ẹ kò ṣe mọ́.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọ̀bàyéjẹ́. Ẹ kò tíì gbàgbé ICC-Services. Wọ́n ṣèlérí èrè ńlá, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Benin ta ilẹ̀, wọ́n kó owó fún wọn, ó sì wó ní ọdún 2010. Kò sí ìwé àṣẹ ìjọba lọ́wọ́ wọn láti gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìjọba. Ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó láìgba rìsíìtì tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ṣe adójútòfò lórí ẹ̀mí ẹlòmíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún fọwọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀.

Owó náà fúnra rẹ̀ lè dínkù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín agbára owó sẹ́fà kù sí ìdajì láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí a kọ 500.000 fún lọ́dún 1993 gba 500.000 náà lẹ́yìn ìgbà náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rà kò rí bákan náà mọ́. Nítorí náà, ẹ má ta ọ̀pẹ láti ra adójútòfò. Ilẹ̀ ń so èso. Ìwé kì í so.

Àwọn alfa kan àti àwọn mùsùlùmí mìíràn kò fara mọ́ adójútòfò tí èlé wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ ọkàn rẹ̀ lómi, kí ó bi alfa rẹ̀ léèrè kí ó tó fọwọ́ sí i. Oríṣi kan wà tí a ṣe nítorí èyí, takaful ni orúkọ rẹ̀.

ÌWÉ NÁÀ DÀ?

Mo mọ obìnrin kan, kì í ṣe ní abúlé yín. Ọkọ rẹ̀ ti kú fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe, wọ́n rí àpótí kan lókè àjà. Ikán ti jẹ ìdajì ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí apá kan ìwé, orúkọ ilé-iṣẹ́ sì wà níbẹ̀, wọ́n rí rìsíìtì mélòó kan. Ọkùnrin náà ti san owó fún ọdún mẹ́rin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà lọ, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Òfin fi gbèdéke sí ìgbà tí a lè béèrè. Ó ta oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ nígbà ìsìnkú, owó sì wà lókè orí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti gba ìwé, ẹ fi sínú ọ̀rá kí omi má bàa bà á jẹ́. Ẹ fi hàn ẹni méjì, ó kéré tán. Kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kejì jẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé náà sí ibòmíràn pẹ̀lú. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ yín. Bí ìwé ọjọ́ ìbí bá ní ọ̀nà kan, tí ìwé adójútòfò sì ní ọ̀nà mìíràn, wàhálà ti wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè dá owó dúró fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà báyìí lè rí i fúnra yín. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ẹ wà láàyè.

Bí ikú bá wá dé, ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ikú ní ilé mẹ́ẹ̀rì. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Láìsí ìwé yìí, kò sí ilé-iṣẹ́ tí yóò san kọ́bọ̀. Ẹ mú un pẹ̀lú ìwé àdéhùn náà àti ìwé tí ó fi yín hàn. Ẹ kó wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé pé wọ́n ti gbà wọ́n, kí ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó fi sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ti ń kọ ìwé ìhágún níwájú notaire, àti iye tí òfin gbà kí ènìyàn fi sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ẹ mú bíírò yín dání.